Ìsun, Àgbàrá àti Ọ̀dá: Èdè Omi Tó Ń Ti Òkè Wá

Ìsun ni ojú ibi tí omi ti ń yọ láti inú ilẹ̀ tàbí ìdí àpáta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ kàn án. Ọ̀rọ̀-ìṣe "sun" ló bí i, bí a ṣe ń sọ pé omi ń sun lára àpáta. Orísun ni ìbẹ̀rẹ̀ odò gan-an. Òwe tó ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, ènìyàn ni wọ́n sábà ń fi í bá wí, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ́ńbélé ni nípa odò fúnra rẹ̀.

Ní Ìta-Ògbólú àti gbogbo agbègbè Àkúrẹ́, apá òkè Èkìtì ni ọ̀pọ̀ omi ti ń wá. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń ti Èkìtì ṣàn bọ̀, ó gba ilẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ kọjá, odò Àlà tó la ìlú Àkúrẹ́ já sì ń dà sínú rẹ̀. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun náà ti ṣẹ̀. Ní Ìkógòsì, ní Èkìtì kan náà, ìsun gbígbóná àti ìsun tútù jọ pàdé.

Àwọn òkè wọ̀nyí kò ní yìnyín lórí. Àpáta líle ni wọ́n, ìpele ilẹ̀ tó bò wọ́n kò sì nípọn púpọ̀. Inú ilẹ̀ yìí àti inú sísán àpáta ni omi òjò ń fara pamọ́ sí, bí omi inú àmù, tí yóò fi máa sun jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibí ni ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ti ṣe pàtàkì. Òjò arọ̀ọ̀rọ̀dá máa ń wọ ilẹ̀ lọ, òun ló ń bọ́ ìsun. Ọ̀wààrà òjò kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀: àgbàrá ló ń dà, ó ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, ó sì ń sáré bọ́ sódò. Nítorí náà, òjò lè pọ̀ lọ́dún kan kí ìsun má sì yó.

Ooru ayé tó ń pọ̀ sí i ń ti ọ̀rọ̀ náà sí apá ọ̀wààrà. Láàárín 1850 sí 1900 àti 2011 sí 2020, ooru ojú ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 1.1 lé sí i. Bí ooru bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo lé, afẹ́fẹ́ lè gba omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; ìgbà tó bá dà á sílẹ̀, ó ń dà á wìì. Ooru kan náà ń mú kí omi inú ilẹ̀ àti ti ara ewé tètè gbẹ. Pípa igbó orí òkè run ń dá kún un, a kò sì gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́.

Ó yẹ kí a ṣọ́ "fà" àti "gbẹ" pẹ̀lú. Odò tó fà ti lọ sílẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbẹ, iyanrìn ló kù. Kànga tó ń fà lọ́dọọdún lásìkò ọyẹ́ kì í ṣe ìròyìn. Ìsun tí kò gbẹ rí, tó wá gbẹ, ìròyìn ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ẹ̀rùn àti ọ̀dá: ẹ̀ẹ̀rùn ní àkókò tirẹ̀ nínú ọdún, ọ̀dá ni kí òjò kọ̀ láti rọ̀ nígbà tó yẹ kó rọ̀. Akọ̀ròyìn tó pe ẹ̀ẹ̀rùn ní ọ̀dá ń da ìṣirò àgbẹ̀ rú.

Níbòmíràn, yìnyín ni òkè fi ń tọ́jú omi. Èyí yàtọ̀ sí yìnyín tó ń bá òjò já bọ́ lórí páànù; yìnyín orí òkè ni kí a máa pè é. Láti 1912, Kilimanjaro ní Tanzania ti pàdánù ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín orí rẹ̀. Odò Ọya, tó ń ti àwọn òkè Gíní ṣàn wá, kò ní yìnyín kankan, òjò nìkan ló gbójú lé. Nígbà ọ̀dá ńlá ti àwọn ọdún 1970 àti 1980, omi rẹ̀ fà gidigidi, títí dé adágún Káínjì tí Nàìjíríà ti ń pèsè iná mànàmáná láti 1968.