Iná Alùpùpù ní Òru àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ń Bọ̀ Níwájú

Kí agogo méje àbọ̀ alẹ́ tó lù, yálà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí nígbà òjò, ilẹ̀ ti máa ń ṣú pátápátá ní àwọn ìlú Yorùbá tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara àti Ìpínlẹ̀ Kogi. Ọjà kì í tíì tú tán nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ó ná ọjà Òmù-Àrán tàbí ti Kàbà ni yóò gun alùpùpù padà sí abúlé pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, lójú ọ̀nà tí kò ní iná òpó kankan. Kòtò ń bẹ níbẹ̀. Màlúù ń dá ọ̀nà kọjá. Tírélà tí ó bàjẹ́ a dúró sójú títì, tí ó jẹ́ pé ewé tútù tí awakọ̀ já sí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni àmì ìkìlọ̀. Ẹni tí ó ń gun alùpùpù ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ṣe àṣejù bí ó bá ń wá iná tí ó ju èyí tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́.

Gílóòbù tí ó wà lórí púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù kékeré tí a fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ wáàtì 35. Bí gíláàsì iwájú bá ti gbó, tí eruku sì ti bò ó, ìmọ́lẹ̀ náà a dà bí ti àtùpà. Nígbà tí alùpùpù bá ń sáré kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, ó ń gba mítà 16 àti díẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ó gùn ún bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ kí ó tó rí nǹkan, kí ó mọ ohun tí ó jẹ́, kí ó sì tẹ bíréèkì, mítà 25 ti lọ. Lórí ọ̀dà tí ó gbẹ, tí ó sì dára, ọkọ̀ náà yóò tún lo ohun tí ó ju mítà 20 lọ kí ó tó dúró. Iná tí kò lè fi nǹkan hàn ní mítà 45 kò tó fún irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí iná LED àfikún fi gbilẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kadà. Ó kéré, kò sì jẹ agbára púpọ̀. Iná LED pupa ti wà láti 1962, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń tan búlúù ṣòro fún àwọn onímọ̀ láti rí ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ni ó yanjú rẹ̀, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì nítorí rẹ̀ ní 2014. Láti ara búlúù yìí ni funfun ti wá, nítorí pé iná búlúù tí a fi èròjà aláwọ̀ ìyeyè bò lójú ni ó ń di funfun lójú wa. Ohun tí ó kan ẹgbẹ́ ìlú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń ti ojú kékeré jáde. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń gún ènìyàn lójú jù.

Nínú òkùnkùn, ẹyinjú a máa là sílẹ̀ kí ó lè gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó wà. Bí iná líle bá kọ lù ú lójijì, ẹni náà kò ní rí nǹkan kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, àní lẹ́yìn tí iná náà ti kọjá lọ. Ti àgbàlagbà a máa pẹ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ẹ fi èyí wé ìṣirò òkè yìí: ẹni tí ó ń bọ̀ níwájú lórí alùpùpù tirẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, yóò ti rin mítà 50 bí afọ́jú. Ìyá tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn létí títì pẹ̀lú igbá lórí kò ní mọ ibi tí gọ́tà wà. Ọmọ tí ó wà láàárín ọkọ̀ méjì tí ń pàdé ara wọn, tí iná ń bọ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì, ni ẹnikẹ́ni kò ní rí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó so iná náà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa yọ̀ pé ọ̀nà mọ́lẹ̀ rekete.

Ìyà yìí a sì máa bí ìyà mìíràn. Ẹni tí iná fọ́ lójú lánàá yóò ra èyí tí ó le jù lọ́la, kí òun náà má bàa jẹ́ ẹni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹlòmíràn yóò ra méjì sí i. Láìpẹ́, gbogbo ìlú ti náwó, kò sì sí ẹni tí ó ríran dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ti iná alùpùpù kò le rárá láti fi ro ara ẹni wò, nítorí pé ọ̀nà tí a lè gbà so ó tí yóò fi ṣe olówó rẹ̀ ní àǹfààní láìpa ẹlòmíràn lára wà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ibi tí iná ti ń jẹun ni a ó kọ́kọ́ wò. Lára àwọn alùpùpù kékeré kan, iná iwájú kì í gba agbára láti inú bátìrì. Tààrà ni ó ń gbà á láti ara kọ́ìlì tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n: bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, iná náà kò ní tàn, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń rọra dún, iná a máa rẹ̀wẹ̀sì. Riwáyà tí ó bá so LED mọ́ wáyà iná iwájú irú ọkọ̀ yìí ti ba iná jẹ́, nítorí pé agbára ibẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, kò dúró lójú kan bí ti bátìrì. Yóò máa ṣẹ́jú, kì í sì í pẹ́ jó. Láti ara bátìrì ni kí wáyà ti wá.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Iná méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 20 jẹ́ 40. Bí a bá fi fóòtì 12 pín in, yóò jẹ́ áńpíà 3 àti díẹ̀. Fíùsì áńpíà 5 tó fún un. Iye tí a kọ sára páálí kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo, nítorí náà ó sàn kí riwáyà fi mítà rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mítà kan náà ni yóò fi mọ̀ bóyá kọ́ìlì ọkọ̀ náà lè bọ́ iná tuntun yìí. Kí ó tan gbogbo iná, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dún níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó sì wọn bátìrì. Bí ó bá ju fóòtì 13 lọ, ó dára. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ sí 12, bátìrì ni iná náà ń jẹ, yóò sì tán sí ojú ọ̀nà ní ọjọ́ tí a kò retí. Kí a wá iná tí ó kéré sí i.

Fíùsì ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀gbẹ́ orí bátìrì gan-an ni kí ó wà, kì í ṣe lẹ́bàá iná. Wáyà tí ó ń gba abẹ́ táǹkì epo kọjá a máa ha mọ́ irin lójoojúmọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá bó, tí ó sì kan bọ́dì, fíùsì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni yóò já. Bí kò bá sí fíùsì, wáyà náà ni yóò pọ́n bí ẹ̀yìn iná lábẹ́ epo bẹntiróòlù, pẹ̀lú ènìyàn méjì lórí rẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀gá riwáyà kankan gba owó iṣẹ́ tí kò ní fíùsì nínú.

Rílé ni yóò máa gbé agbára náà dípò súìṣì, kí súìṣì má bàa yọ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí a fi nọ́ńbà sí: 30 gba agbára láti ara fíùsì, 87 lọ sí iná, 86 lọ sí súìṣì, 85 sì lọ sí bọ́dì. Kí wáyà jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kí ó sì gùn tó níbi ọrùn ọkọ̀ kí ó má bàa já nígbà tí a bá ń yí ọwọ́. Ibi tí a ti so wáyà pọ̀, kí a jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé, kí a sì bò ó. Téèpù lásán kì í bá òjò jà. Ní ti súìṣì, èyí tí ó dára jù ni pé kí wáyà 86 wá láti ara fúùlù, kí iná àfikún lè kú fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá dímù fún ẹni tí ń bọ̀. Lára ọkọ̀ tí iná rẹ̀ ń wá láti ara kọ́ìlì, èyí kò ṣeé ṣe. Súìṣì ọ̀tọ̀ ni kí a fi sí ẹ̀bá àtàǹpàkò òsì, níbi tí a lè pa á láìyọ ọwọ́.

Ìsàlẹ̀ ni kí iná náà wà, lára irin tí ó dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku bo ojú ọ̀run, iná tí ó wà lókè a máa tàn padà sí ojú ẹni tí ó gùn ún. Ti ìsàlẹ̀ a máa bọ́ sórí ilẹ̀.

Bí a ṣe ń kọjú iná sí ọ̀nà ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dálé. Kí a wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú níwájú ògiri, kí alùpùpù dúró ní mítà 8 sí i, kí ẹni tí ó ń gùn ún jókòó lórí rẹ̀. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára láti gbé èrò, kí èrò náà jókòó, nítorí pé ẹrù ẹ̀yìn a máa gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Kí a wọn bí iná ṣe ga tó sí ilẹ̀, kí a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ògiri ní gíga kan náà, kí a sì tẹ iná wálẹ̀ títí ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù yóò fi wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ ìlà náà. Iná tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 yóò báyìí kan ilẹ̀ ní nǹkan bí mítà 48. Ó tó fún eré kìlómítà 60 lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò sì ṣẹ́kù kankan. Lórí yanrìn tàbí ọ̀nà tútù, eré ni kí a dín kù. Kí a má gbé iná sókè nítorí rẹ̀.

Iná búlúù àti pupa tí ń ṣẹ́jú kò ní iṣẹ́ kankan níwájú alùpùpù ẹni tí kì í ṣe agbófinró tàbí òṣìṣẹ́ pàjáwìrì. Pupa níwájú a máa tan ẹni tí ń bọ̀ jẹ, yóò rò pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni òun ń wò. Ó sì ya ni lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó náwó sí iwájú kì í tún iná ẹ̀yìn tí ó ti kú ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni tírélà ti ń wò ó. Bákan náà, ibi tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní alẹ́, iná tuntun kò sọ òfin náà di asán.

Iṣẹ́ yìí kò tó ohun tí ẹgbẹ́ ìlú kò lè ṣe. Ní 1977, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìdarí Wọlé Ṣóyínká, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí kò tíì sí. Ní 1988 ni a tó dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sílẹ̀, tí òun náà sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ lè pe àwọn òṣìṣẹ́ àjọ yìí wá sí ìpàdé kí wọ́n ṣàlàyé òfin iná fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí gbogbo wọn sì mọ nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì wọn, 122. Ìrọ̀lẹ́ kan ní ògiri ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú riwáyà kan, ṣọ́ọ̀kì, okùn tí a wọ̀n, àti fíùsì díẹ̀ tí àpò ẹgbẹ́ rà, tó láti tún iná ogún alùpùpù ṣe.

Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó lọ sílé, kí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó tan gbogbo iná rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ lọ dúró ní ogún mítà nínú òkùnkùn, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀. Kí a bẹ àwọn ìyá ọlọ́jà méjì tàbí mẹ́ta láti rìn pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ ohun tí ojú wọn ń rí.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: Ta ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn létí títì ìlú yìí lẹ́yìn agogo méje alẹ́, níbo sì ni wọ́n ti máa ń yà kúrò fún iná? Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kọ̀ láti tẹ iná rẹ̀ wálẹ̀, kí ni ẹgbẹ́ lè sọ fún un, ta ni ó sì yẹ kí ó sọ ọ́? Mélòó nínú àwọn alùpùpù tí ó wà níta gbàgede ìpàdé yìí ni iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn ní alẹ́ òní?