Ẹ̀KỌ́ WA: ÈRÒJÀ KÉKERÉ TÓ Ń ṢỌ́ Ẹ̀DỌ̀ ẸRAN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó èésú sin ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti àgùntàn sẹ́yìnkùlé. Bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó sanra, tó jẹun yó lánàá, bá kú lójijì láàárọ̀, a máa ń sọ pé kì í ṣojú lásán. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo oúnjẹ rẹ̀ ná.

Ẹ̀dọ̀ ni ilé ìdáná ara. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ là ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ọ̀kan nínú wọn, glutathione peroxidase, ló ń pa oró tí iṣẹ́ ara fúnra rẹ̀ ń mú jáde, bí ẹni tó ń kó eérú kúrò nídìí ààrò. Selenium ni irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Inú ilẹ̀ ni koríko àti àgbàdo ti ń fa èròjà yìí. Bí ilẹ̀ ò bá ní in tó, oúnjẹ ò ní ní in, òṣìṣẹ́ wa á jókòó lọ́wọ́ òfo, oró á sì máa jẹ ẹ̀dọ̀.

Lọ́dún 1957, Klaus Schwarz àti Calvin Foltz fi hàn ní Amẹ́ríkà pé selenium bín-íń-tín kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ eku kú. Ní 1973 ni wọ́n rí i pé selenium wà nínú ẹ́ńsáìmù yìí gan-an.

Bí dókítà ẹran bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, glutathione peroxidase á ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù mìíràn, bíi AST, á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ ń jò bí agbè tó sán. Ti ọmọ àgùntàn, iṣan ara rẹ̀ ló máa ń funfun, tí kò fi ní lè dìde.

Kí la ó wá ṣe?

1. Ẹ béèrè àpòpọ̀ èròjà tó ní selenium àti fítámì E lọ́wọ́ olóúnjẹ ẹran. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́.

2. Ẹ má fojú díwọ̀n o! 0.3 gíráàmù péré ni òfin Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n fi kún tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan. Bó bá pọ̀ jù, májèlé ni.

3. Ẹran tó kú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọjà. Ẹ pe dókítà ẹran kó wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, torí àìsàn mìíràn náà ń pa ẹran lójijì.

Ẹni tó mọ ohun tó pa ọ̀kan ló lè gba ìyókù là. Ajé á wọ igbá o.