Àlejò Inú Igbó Wa

Ẹyẹ kékeré kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní willow warbler. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bí gíráàmù 10 lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé. Orin rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ lókè, a sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti ń yé ẹyin, nínú ìtẹ́ koríko lórí ilẹ̀. Bí òtútù bá ń bọ̀, tí kòkòrò sì wọ́n, a fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Olúwa tí kò gbàgbé ológoṣẹ́ ni ó ń fi ọ̀nà hàn án. Lórí igi wa ni ó ti ń ṣa kòkòrò jẹ títí di nǹkan bí oṣù kẹrin. Mo rí àwọn ọmọ kan pẹ̀lú kànnàkànnà lẹ́yìn Mísà. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.