Ẹ Ṣọ́ Táǹkì Irin, Pàápàá Èyí Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀

Ẹ̀yin ará Òtu tí kànga yín wà nítòsí ilé epo, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Páànù òrùlé tó dípẹtà, gbogbo ojú ló ń rí i. Táǹkì epo tó ń dípẹtà nínú ilẹ̀ ńkọ́? Ní Barúwà, lágbègbè Ìpájà ní Èkó, páìpù epo abẹ́ ilẹ̀ jò, ó sì ba kànga àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Táǹkì ilé epo kan ṣoṣo tó láti ba kànga àdúgbò kan jẹ́.

Àwọn tó ń dènà ìpẹtà máa ń fi ọ̀dà tó nípọn bo táǹkì, wọ́n á wá fi wáyà so magnesium mọ́ ọn. Magnesium ni ilẹ̀ á máa jẹ, irin á sì yè. Ṣùgbọ́n magnesium máa ń tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá fi mítà wò ó. Ohun tí mítà bá kà lára táǹkì gbọ́dọ̀ tó −0.85 volt. Wẹ́dà tó lẹ ihò ara táǹkì àlòkù, tó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, kò tíì ṣe iṣẹ́ yìí o.

Ẹ̀yin onílé epo, ẹ fi ọ̀pá wọn epo yín bí ẹ bá ń ti ọjà lálẹ́, kí ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ kí ẹ tó tà. Bó bá ń dín lálaalẹ́, ẹ dá títà dúró, ẹ pe onímọ̀.

Ẹ̀yin oníkànga, bí omi bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tàbí tí ojú rẹ̀ ń dán bí òṣùmàrè, ẹ má tan iná sún mọ́ ọn, ẹ má tan pọ́ǹpù. Álọ́ọ̀mù kò lè yọ epo kúrò nínú omi. Ẹ má sì sè é, ilé lè gbiná.

Èyí tó ń yára pani jù ni wíwọ inú táǹkì. Táǹkì irin tó ti wà ní dídé fún ìgbà pípẹ́, ìbáà jẹ́ ti omi, ìpẹtà lè ti fa oxygen inú rẹ̀ tán. Nínú atẹ́gùn tí à ń mí, oxygen jẹ́ nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá wálẹ̀ dé 10, èèyàn á dákú kó tó mọ ohun tó ṣe é. Ẹni tó sáré wọlé lọ gbé e náà á ṣubú lé e. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní mítà tó ń wọn afẹ́fẹ́, tí kò so okùn mọ́ra, tí kò sì ní ẹni tó dúró dè é níta, kó má wọ táǹkì kankan.