Àyè Iyèméjì nínú Ìgbàgbọ́: Ẹ̀kọ́ láti Òkè-Afá

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni bóyá iyèméjì lè bá ìgbàgbọ́ gbé pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ la ọ̀nà fún wa: iyè tí a fi ń ronú ni ó di méjì. Èyí yàtọ̀ sí àìgbàgbọ́. Aláìgbàgbọ́ ti kọ̀ pátápátá. Oníyèméjì ṣì ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí Ifá. Ẹni tí ó wá dáfá a máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí babaláwo má baà gbọ́. Bí odù bá sì ti yọ, wọn a tún fi ìbò wádìí bóyá ire ni tàbí ibi. Kò sí ẹni tí ó ka ìwádìí yìí sí àìgbàgbọ́. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, Tọ́másì kò gbà pé Jésù jíǹde àfi bí òun bá fojú rí àpá rẹ̀. Jésù kò lé e. Àpá náà ni ó fi hàn án. Nínú Kùránì, Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 260, Ànábì Ibrahim bẹ Ọlọ́run pé kí ó fi bí ó ṣe ń jí òkú hàn òun, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ọlọ́run dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kìn-ín-ní 2002, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè ṣọ́jà Ìkẹjà bú gbàmù. Bí àwọn ènìyàn ti ń sá àsálà lálẹ́, ọ̀pọ̀ wọn, lọ́mọdé lágbà, kó sínú kànáàlì Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀, tí ewéko bo ojú rẹ̀. A ṣírò pé àwọn tí jàm̀bá náà pa lé ní 1,000. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Afá.

Bí ìyá tí ó pàdánù ọmọ níbẹ̀ bá ń bèèrè pé, "Ọlọ́run, èéṣe?", ṣé kí a sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó? Ta ni ó ń bi léèrè? Ẹni tí ó gbà pé ó wà tí ó sì ń gbọ́ ni. Òótọ́ ni pé iyèméjì lè sọ ènìyàn di aláìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí ó ka ìbéèrè léèwọ̀ dà bí ewéko ojú kànáàlì náà: ó bo omi mọ́lẹ̀, kò sọ ọ́ di ilẹ̀.

Ẹni tí yóò bá di pásítọ̀, àáfà tàbí olùkọ́ nínú wa, kí ó fi èyí sọ́kàn. Abèèrè kì í ṣìnà.