Wi-Fi Ṣọ́ọ̀bù Yín: Ìmọ̀ràn Méje fún Ọ̀dọ́ Joju

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jẹun oòjọ́ yín ní Joju, ẹ̀yin onítẹ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe, ẹ̀yin oní-POS àti akọ̀wé iléeṣẹ́ ní Sàngó-Ọ̀tà: Dátà ti wọ́n ju kí aládùúgbò máa fi tiyín wo bọ́ọ̀lù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó wọ Wi-Fi yín, ẹ gbọ́ tèmi.

1. Ẹ mọ nọ́ńbà ẹ̀rọ yín. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo Wi-Fi ló ní nọ́ńbà tí à ń pè ní MAC address. Àmì méjìlá ni, láti 0 dé 9 àti A dé F. Nínú èyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà, mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí iléeṣẹ́ tó ṣe é; àjọ IEEE ló ń pín wọn.

2. Ẹni tí ẹ gbà láyè ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ wo ara ráútà, ẹ ó rí àdírẹ́sì bíi 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú bùráwúsà, kí ẹ wá MAC Filter. Ẹ lè kọ àwọn tó lè wọlé, tàbí àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé. Ti àkọ́kọ́ ló dára jù, torí ẹni tí ẹ lé lónìí lè fi nọ́ńbà mìíràn padà lọ́la. Ẹ̀rọ tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ má baà ti ara yín mọ́ta.

3. Fóònù òde òní ń pa nọ́ńbà dà. Láti Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ní 2020, fóònù máa ń fi nọ́ńbà àtọwọ́dá wọ Wi-Fi, kí ẹnikẹ́ni má baà máa tọpa oní-fóònù. Bí ẹni tí ẹ ti kọ sílẹ̀ kò bá rí ọ̀nà wọlé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kó pa ìyípadà nọ́ńbà náà lórí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù yín nìkan, kó fi í sílẹ̀ níbòmíràn.

4. Ẹ má fi MAC ṣe kọ́kọ́rọ́. Sìkiọ́rítì iléeṣẹ́ lè máa wo nọ́ńbà tírélà kó tó ṣí géètì, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó dúró lójú títì ló rí nọ́ńbà náà, wọ́n sì lè kọ irú rẹ̀ sára ọkọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni MAC rí. Gbangba ló ń kọjá nínú afẹ́fẹ́, kódà níbi tí páswọ́ọ̀dù ti bo ọ̀rọ̀ yòókù. Ẹni tó gbọ́n díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà lè gbé e wọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

5. Páswọ́ọ̀dù ni ìlẹ̀kùn gan-an. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3; ẹ sá fún WEP, wọ́n ti já a láti 2001. Ẹ jẹ́ kó gùn, kó má jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tàbí nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù ráútà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ṣì jẹ́ “admin”, ẹni tó bá wọlé lè pa gbogbo nọ́ńbà tí ẹ kọ rẹ́.

6. Ẹ ya oníbàárà sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ní Guest Network. Ibẹ̀ ni kí àlejò wà. Kí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣírò owó wà níbòmíràn.

7. Ẹ ní ìwé kan. Ẹ kọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gba fíríìdọ̀mù, ẹ ṣàdúrà fún un, ẹ yọ nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì yí páswọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ náà.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kíkọ nọ́ńbà sílẹ̀ ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wà létòlétò, kò lè dá olè dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ yí páswọ́ọ̀dù yín padà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.