ETÍ WA NÍNÚ ỌKỌ̀ ÀTI LẸ́NU IṢẸ́

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ni kí á ṣe sí orin tí ó ń tẹ̀lé wa nínú dánfó láti Mushin dé Ojúẹlẹ́gba, tí ó tún ń bá wa ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ń ṣú?

Orin kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Inú wéré, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan, ni fújì ti jáde. Olóògbé Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní ọdún 2010, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tí a fi ń jí aláàwẹ̀ nígbà náà ni ó ń mú ẹlòmíràn gbàgbé ìrun lónìí.

Ẹnu àwọn onímímọ̀ kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ohun èlò orin sí èèwọ̀. Wọ́n fi Súrà Lukman, áyà 6, ṣe ẹ̀rí, gẹ́gẹ́ bí Ibn Mas'ud ti túmọ̀ rẹ̀. Ibn Hazm kò rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tí ó ń pe ni sí àgbèrè tàbí ọtí, tàbí tí ó gba àkókò ìrun mọ́ ni lọ́wọ́, kò ní agbẹjọ́rò láàrin wọn. Súrà Israi, áyà 36, sì kọ́ wa pé a ó bi wá léèrè nípa etí wa.

Nítorí náà:

Èkíní, bí ọkọ̀ bá jẹ́ tiwa, kí àdúà gígun nǹkan, tí ó wà nínú Súrà Zukhruf, áyà 13 sí 14, ṣáájú rédíò.

Èkejì, bí ó bá jẹ́ dánfó, ẹni tí orin kàn bá létí kò rí bí ẹni tí ó tẹ́tí sí i. Nígbà tí Ibn Umar gbọ́ fèrè darandaran, ó fi ìka di etí, ó sì yà kúrò lọ́nà. Kò bá darandaran jà. Kí àwa náà bẹ awakọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín in kù.” Bí ó bá kọ̀, kí á máa ṣe síkírì wa lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ládìpò tàbí Tẹ́júoṣó, kí ó má fi ìyapisì di etí méjèèjì tí kò fi ní gbọ́ ìrun pípè.

Ẹ̀kẹrin, àwọn kan ti fi Àlùkùránì rọ́pò orin, wọ́n sì ń ná ọjà lé e lórí. Súrà Aʿrafi, áyà 204, pàṣẹ pé kí á tẹ́tí sí i, kí á sì dákẹ́. Bí oníbàárà bá wọlé, ẹ pa á ná.

Láti Jímọ̀ yìí dé òmíràn, kí olúkúlùkù ṣírò wákàtí tí ó fún orin àti èyí tí ó fún Àlùkùránì. Ìṣirò náà yóò bá wa sọ òótọ́.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ etí àti ọkàn wa. Àmín.